Iṣẹ́ Panápaná: Èsì fún Ìyá Kan àti fún Gbogbo Ilé



Lẹ́tà kan dé ọwọ́ wa láti ọ̀dọ̀ ìyá kan, opó, tí ó ń fi iṣẹ́ aṣọ rírán tọ́ ọmọ mẹ́ta. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sì dára. Láti ìgbà náà ni ó ti ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní àdúgbò wọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n jẹun tán, ọmọ náà wí pé, "Màmá, iṣẹ́ panápaná ni mo fẹ́ ṣe." Oorun kò kun ìyá náà mọ́jú. Àbúrò bàbá ọmọ náà gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kí ó lè máa fa rọ́bà omi kiri ni àwọn ṣe san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún un? Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ọkùnrin kan wá sí ilé, ó ní òun mọ ẹni tí ó mọ ènìyàn ní Àbújá, pé bí ìyá bá lè wá owó kan báyìí, òun yóò bá ọmọ náà rí àyè. Owó náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá wa fi ń rò ó láti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó wá bi wá ní ìbéèrè mẹ́ta: Iṣẹ́ ọmọlúàbí ha ni iṣẹ́ yìí bí? Ọ̀nà wo ni a ń gbà wọ inú rẹ̀? Ṣé kí òun ta ẹ̀rọ náà?

Ìbéèrè kẹta ni a ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ni kò lè dúró. Ìyá wa, ẹ má ta ẹ̀rọ náà. Ẹ má ṣe tà á lónìí, ẹ má sì ṣe tà á lọ́la. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Kí a tó dáhùn ìbéèrè kìn-ín-ní, ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun kan tí ó ti wà lọ́kàn wa láti ìgbà pípẹ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iná mú ilé kan ní òpópónà wa, ilé kejì sí tiwa gan-an, ní ọ̀sán gangan nígbà ọyẹ́. Gbogbo wa sáré jáde pẹ̀lú garawa omi àti iyanrìn. A kígbe, a sọkún, a dá ọwọ́ lérí. Nígbà tí ọkọ̀ panápaná fi dé, òrùlé ti wó sínú ilé. Ẹ gbọ́ bí a ti gba àwọn ọkùnrin náà: èébú ni a fi pàdé wọn. Ẹnìkan ju òkò, ó sì bá ọ̀kan nínú wọn ní iwájú orí. Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú, ó sì ń tú rọ́bà omi lọ láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Àwa kò ju òkò, ṣùgbọ́n a wà lára àwọn tí ó bú wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni a tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Èkínní, ó pẹ́ púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wọ́n, nítorí olúkúlùkù rò pé ẹnìkejì òun ti pè. Èkejì, nígbà tí wọ́n dé orí òpópónà wa, wọ́n bá géètì irin tí ẹgbẹ́ àdúgbò fi dí ọ̀nà nítorí olè. Wọ́n ti í pa. Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà ni a jẹ́ nígbà náà. Kọ́kọ́rọ́ géètì wà ní àpò ẹ̀wù wa ní gbogbo ìgbà tí a ń bú wọn pé wọ́n pẹ́. Gígé ni wọ́n gé ẹ̀wọ̀n géètì náà kí wọ́n tó wọlé. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀mí kankan kò bá a lọ, ṣùgbọ́n màmá arúgbó tí ó ni ilé náà kò rí ju aṣọ ara rẹ̀ mú jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì a lọ sí ibùdó wọn láti tọrọ àforíjì. A rò pé wọn yóò lé wa. Ọ̀gá wọn fún wa ní àga, ó ní, "Ẹ jókòó, bàbá." A lọ lẹ́ẹ̀kan, a tún lọ lẹ́ẹ̀kejì, títí ó fi di pé a mọ̀ wọ́n. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń kọ yìí, ibẹ̀ ni a ti kọ́ ọ.

Nítorí náà, ìyá wa, ìdáhùn wa sí ìbéèrè yín kìn-ín-ní ni pé iṣẹ́ ọmọlúàbí ni, kì í sì í ṣe iṣẹ́ àná. Ní ọdún 1901 ni a dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀ ní Èkó, lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá. Òfin ọdún 1963 ni ó sọ ọ́ di Iléeṣẹ́ Panápaná ti Ìjọba Àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1972, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ní ilẹ̀ wa sì ní tiwọn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé iṣẹ́ ọkùnrin nìkan ni, nítorí obìnrin, Margaret Adeseye, ti jẹ́ olórí iléeṣẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó. Iṣẹ́ wọn kò sì mọ sí iná pípa. Àwọn ni wọ́n ń yọ ẹni tí ó kó sí kànga, àwọn ni wọ́n ń gé irin ọkọ̀ tí ó há ènìyàn mọ́ nígbà ìjàǹbá, àwọn ni wọ́n ń wa ènìyàn jáde lábẹ́ ilé tí ó wó. Wọ́n a máa yẹ ilé ìtajà àti ilé-ẹ̀kọ́ wò bóyá ọ̀nà àbájáde wà, wọ́n a sì máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bí a ti ń ṣọ́ra fún iná.

Ní ti ẹ̀gàn tí àwọn ará ilé ń fi kan iṣẹ́ iná mànàmáná tí ọmọ náà ń kọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn kan. Ọkùnrin kan wà ní ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, James Braidwood ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1824 ni a fi í ṣe olórí àwọn panápaná ìlú náà, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Nígbà tí ó ń yan àwọn ènìyàn rẹ̀, kì í ṣe aláìníṣẹ́ ni ó wá lọ. Ọ̀mọ̀lé, gbẹ́nàgbẹ́nà, akanlé àti alágbẹ̀dẹ ni ó mú, nítorí ẹni tí ó mọ bí a ti ń kọ́ ilé ni yóò mọ ibi tí ilé yóò gbà wó. Ó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ní òkùnkùn ìdájí, kí òkùnkùn má baà jẹ́ àjèjì sí wọn ní ọjọ́ tí iná bá dé. Ní ọdún 1833 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti ṣe olórí níbẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí ó mọ bí wáyà ti ń gba inú ògiri, tí ó sì mọ ibi tí a ti ń pa iná mànàmáná ilé, kò fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò. Kí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó kúrò.

Ó kan ọ̀nà tí a ń gbà wọlé. Ìlẹ̀kùn tí ó wà ju ẹyọ kan lọ. Ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Pápákọ̀ òfuurufú ní àwọn panápaná tirẹ̀, nítorí iná ọkọ̀ òfuurufú kò jọ iná ilé. Àwọn iléeṣẹ́ epo rọ̀bì àti iléeṣẹ́ ńláńlá pẹ̀lú a máa gba àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ní ti ìjọba àpapọ̀, ìgbìmọ̀ kan ni ó ń gba ènìyàn fún iléeṣẹ́ mẹ́rin pọ̀: àwọn ẹ̀ṣọ́ ààbò ìlú, ọgbà àtúnṣe, panápaná àti aṣọ́bodè tí ń yẹ ìwé ìrìnnà wò. Lẹ́tà CDCFIB ni a fi ń pe ìgbìmọ̀ náà. Nígbà tí àyè bá ṣí, wọn a kéde rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a sì ti ń kọ orúkọ sílẹ̀.

Ipele mẹ́ta ni a ń gbà wọlé. Ẹni tí ó ní ìwé-ẹ̀rí girama a bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ti NCE tàbí dípúlómà a bẹ̀rẹ̀ ní àárín. Ẹni tí ó gba oyè yunifásítì a bẹ̀rẹ̀ ní ipò ọ̀gá kékeré. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lè gòkè bí ó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Nínú àwọn ìkéde kan tí ó ti kọjá, ọjọ́ orí tí wọ́n fẹ́ ni ọdún 18 sí 30. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ kúrú ju mítà 1.65 lọ, obìnrin kò sì gbọdọ̀ kúrú ju mítà 1.60 lọ. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù ka ìkéde ọdún tirẹ̀ dáradára, nítorí wọ́n lè yí i padà. Kí ọmọ ti tọ́jú àwọn ìwé wọ̀nyí sínú àpò kan: ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé-ẹ̀rí girama, ìwé ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ti wá, àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Kí orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá ara wọn mu nínú gbogbo wọn. Ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ ní ọ̀nà méjì, kí ó tún un ṣe nísinsìnyí. Kí ó má dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá pè é. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, àyẹ̀wò ìwé, àyẹ̀wò ara. Ìdúró gígùn a sì máa wà láàrin wọn.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí a fi ní kí ẹ má ta ẹ̀rọ yín. Ọ̀fẹ́ ni ìkọ̀wé wọlé náà. Ìgbìmọ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń wá iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ní òun ń ta àyè, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó ń tà. Bí ó bá gba owó tí ó sá lọ, ta ni ẹ ó fi sùn, nígbà tí ẹ̀yin pẹ̀lú ti fọwọ́ sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀? Bí ó bá sì mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ wá, tí ìwé náà jẹ́ ayédèrú, ọjọ́ tí àṣírí bá tú ni iṣẹ́ bàjẹ́, tí orúkọ ọmọ sì bàjẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí kan ṣì wà tí ó ju ìwọ̀nyí lọ. Nínú iṣẹ́ yìí, ènìyàn méjì ni ó ń wọ inú èéfín pọ̀, ọ̀kan kì í sì í fi èkejì sílẹ̀. Ẹni tí ó fi owó ra ìdánwò agbára, owó náà kò ní bá a gbé ẹnìkejì rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá ṣubú.

Nígbà tí a bá gba ọmọ wọlé, a ó rán an lọ sí ẹ̀kọ́. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ panápaná ní Sheda, ní agbègbè Àbújá. Ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ibẹ̀ ni pé ohun mẹ́ta ni iná ń jẹ: ooru, ohun tí ó lè jó, àti afẹ́fẹ́. Mú ọ̀kan kúrò, iná yóò kú. Ọmọ yóò kọ́ pé omi kì í ṣe oògùn gbogbo iná. Bí a bá da omi sí epo gbígbóná nínú ìkòkò, omi náà yóò di ooru lójú kan náà, yóò sì fẹ̀ tó ìlọ́po 1,700, yóò ta epo tí ń jó sí ara ògiri àti sí ojú ẹni tí ó dà á. Pípa gáàsì àti fífi ìdérí bo ìkòkò ni ó tọ́. Yóò kọ́ pé a kì í da omi sí ohun tí iná mànàmáná ṣì wà nínú rẹ̀. Yóò kọ́ pé ooru epo bẹntiróò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, pé ilẹ̀ ni ó ń rá gbà, ó sì lè pàdé iná ní ọ̀nà jíjìn kí ó sì gbé e padà wá. Ìdí nìyí tí ikú fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ìlú Majiya ní ìpínlẹ̀ Jigawa ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí àwọn ènìyàn lọ ń bu epo níbi tí ọkọ̀ agbépo ti dojú dé. Ẹ̀mí tí ó ju 100 lọ ni ó bá a lọ.

Yóò tún kọ́ okùn dídì, àkàbà gígùn, rọ́bà omi títẹ́ àti kíká, ìtọ́jú ẹni tí ó fara pa, àti bí a ti ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Aṣọ iṣẹ́ àti àgbá náà pọ̀ lè wọ̀n tó kílò 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́njú ní Ìbàdàn rántí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìn-ín-ní ọdún 1985, nígbà tí iná jó Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ibi tí àkàbà kò bá dé, ẹsẹ̀ ni àwọn panápaná fi ń gun àtẹ̀gùn lọ, pẹ̀lú gbogbo ẹrù náà lẹ́yìn.

A kò ní tan yín, ìyá wa: ewu wà nínú rẹ̀. James Braidwood tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ògiri ni ó wó pa á níbi iná Tooley Street ní Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù kẹfà ọdún 1861. Ní ìlú New York, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, panápaná 343 ni ó kú ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Èéfín a máa pa ènìyàn ju ọwọ́ iná lọ. Ìgbà ọyẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe ọdún Kérésìmesì ni iṣẹ́ wọn ń pọ̀ jù, nítorí náà ẹ má retí ọmọ yín nílé ní gbogbo ọdún. Owó oṣù rẹ̀ kì í sọ ènìyàn di ọlọ́rọ̀. Omi a sì máa tán, ọkọ̀ a máa bàjẹ́, àwọn ará ìlú a sì máa bú wọn, bí àwa ti ṣe. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé gíga, kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Kí ọmọ náà béèrè nígbà tí wọ́n bá gbà á: ètò wo ni ó wà fún ẹni tí ó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, kí sì ni ó kan àwọn ará ilé rẹ̀? Béèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ojo.

A bi ọ̀gá náà ní ọjọ́ kan bóyá ẹ̀rù kì í bà á mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹni tí ẹ̀rù kì í bà, bàbá, a kì í fẹ́ kí ó tẹ̀lé wa wọlé. Yóò pa ara rẹ̀, yóò sì pa ẹnìkejì."

Ní báyìí, kí ni kí ọmọ náà máa ṣe títí àyè yóò fi ṣí? Èkínní, kí ó máa sáré ní òwúrọ̀, kí ó sì máa gbé ẹrù gun àtẹ̀gùn, díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Èkejì, kí ó yẹra fún sìgá àti ọtí, nítorí ẹ̀dọ̀fóró ni irin iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ó kọ́ ìtọ́jú ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí ó fara pa lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa. Ẹ̀kẹrin, kí ó kọ́ láti lúwẹ̀ẹ́ àti láti wa ọkọ̀. Ẹ̀karùn-ún, kí ó tún ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yẹ̀ wò, nítorí ìdánwò ń bọ̀. Ẹ̀kẹfà, kí ó lọ sí ibùdó panápaná tí ó sún mọ́ yín, kí ó kí wọn, kí ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Bí ó bá rí i tí ọkàn rẹ̀ kò yẹ̀, ìpè rẹ̀ ni. Bí ó bá yẹ̀, ojú kò tì í; iṣẹ́ iná mànàmáná wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá wa, ẹ̀rù tí ń bà yín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ro ó wò: ọmọ tí ó gbọ́ igbe iná tí gbogbo ènìyàn ń sá jáde, tí ó sì wí pé òun ni yóò wọlé, ẹ̀yin ni ẹ tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un ní ìbùkún yín. Kí àbúrò bàbá náà pẹ̀lú rántí pé bí iná bá mú ilé òun ní òru, kì í ṣe akọ̀wé bí irú tiwa ni yóò ké pè.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kan gbogbo ilé tí ń ka ìwé yìí. Ẹ kọ nọ́ńbà 112 sára ògiri níbi tí ọmọdé lè rí i. Ní Èkó, 767 pẹ̀lú wà. Bí iná bá ṣẹ́, ẹ má rò pé ẹlòmíràn ti pè. Ẹ sọ orúkọ òpópónà àti ohun tí ó wà nítòsí. Ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò lọ́nà. Bí àdúgbò yín bá sì ní géètì, ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta tí kì í kúrò nílé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa ti fi tiwa sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tí ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà, láti ọjọ́ tí ilé màmá arúgbó nì ti jó.